Ahọ́n Onésime àti Àgbá Ìlú

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ìgbéraga ti ń wọ fìlà, kó wá sí Praz-Morel, lórí òkè Valais níhìn-ín, kó wo Onésime Vianin bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀ ilé ìlú. Á ká ọwọ́ kan sẹ́yìn, á fi èkejì na kọ́kọ́rọ́ síwájú bí ẹni tó di àbẹ́là mú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá kí i, kò ní í dáhùn. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àgbá.

Òun ni olùtọ́jú àgbá ìlú. Bàbá rẹ̀ ṣe é, bàbá bàbá rẹ̀ náà ṣe é. Wáìnì inú àgbá yìí dàgbà ju ẹnikẹ́ni tó wà láàyè láàárín wa lọ. A kì í tà á, a kì í sì í mu ún tán. Lọ́dọọdún la máa ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀, tó bá sì di ìgbà ìkórè àjàrà, a ó fi tuntun dí àlàfo rẹ̀.

Ṣé ó dùn? Ká sòótọ́ láàárín ara wa, ó korò bí ewúro, ó sì ń rùn bí oje igi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́? Àwọn bàbá wa ò sọ ọ́, àwa náà ò sì fẹ́ ká pè wá ní ará oko. Bí a bá ti mu ún, a ó dijú, a ó mi orí, a ó ní ọtí àgbà ni.

Onésime ló máa ń ki ara rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò kì í ń pẹ́ dé. "Èmi Ahọ́n-kò-gbàgbé! Èmi Ọ̀fun-mọ-ìdílé-ọtí! Ẹ bu wáìnì fún mi, màá sọ ọdún tí wọ́n dà á sínú àgbá, màá sọ ẹ̀gbẹ́ òkè tí àjàrà rẹ̀ ti hù. Bí inú mi bá dùn, màá sọ orúkọ ẹni tó ká a."

Àwa a sì la ẹnu sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dán an wò rí, torí ẹni tí yóò dán an wò gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn, kò sì sí èyí tó mọ̀ ọ́n nínú wa.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìlú ti pinnu pé lọ́jọ́ àjọ̀dún ìsọ̀kalẹ̀ màlúù, nígbà tí wọ́n bá ti pápá orí òkè bọ̀ wálé, a ó fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ Onésime lọ́rùn títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó tún ń wá láyé mọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Ọkọ Sidonie lásán, tí yóò máa kọ́kọ́ kí ènìyàn.

Ọ̀ràn wà níbẹ̀ ṣá o. Láti ìgbà tí yìnyín ti kọ́kọ́ bọ́ ni Onésime ti ń lọ wo àlàáfíà àgbá ní ọ̀sọ̀ọ̀sán. Á kàn án, á gbọ́ ọ, á bu ife kan. "Dókítà tí kò tọ́ oògùn wò, apànìyàn ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bí a bá fi ológbò ṣọ́ ẹja, eegun la ó bá. Nígbà tí yìnyín fi yọ́, ó kan àgbá, àgbá dáhùn gbọ̀ọ̀ bí ilé tí onílé ti kó jáde.

Ìkórè àjàrà ṣì jìnnà. Ni ọkùnrin yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi ìsun ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, garawa mẹ́wàá gbáko. Ó ní òun ń fọ ibi tí àgbá wà. Àwa yìn ín fún ìmọ́tótó. Sidonie ìyàwó rẹ̀ nìkan ló bi í pé, "Ọkọ mi, ilé tiwa ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa fọ̀ ọ́?"

Ohun kan wà tí àwa ará òkè yìí mu mọ́ ọmú: a kì í mu omi lé wàràkàṣì yíyọ́ lórí. Wáìnì ni, tàbí tíì gbígbóná. Bí omi bá bá a nínú ikùn, òkúta ló máa dì. Gbogbo wa la gbọ́ pé ó ti pa ẹnìkan rí, bí a tilẹ̀ ń wá orúkọ olóògbé náà títí dòní.

Onésime bẹ̀rù èyí ju ikú lọ. Ó wá pète: ní ọjọ́ àjọ̀dún, òun ó mu ọtí, òun ò ní í fi ẹnu kan wàràkàṣì. Ikùn àwọn yòókù ńkọ́? Ó rò ó títí, ó ní kí oníkálukú ru ikùn tirẹ̀.

Ọjọ́ pé. Àwọn màlúù ti òkè dé pẹ̀lú òdòdó lórí. Zacharie Melly jókòó sídìí iná, ó gbé ìlàjì wàràkàṣì sétí ẹyín iná, bí ojú rẹ̀ ti ń yọ́ ló ń fi ọ̀bẹ há a sórí pòtétò nínú àwo.

"Ẹ̀gbọ́n Onésime, ẹ ò jẹ ni?"

"Ààwẹ̀ ni mo wà. Nítorí ahọ́n mi."

Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Zacharie gé èèpo ẹ̀gbẹ́ wàràkàṣì tó ti yan gbẹ, tó ń ró pàpà lẹ́nu, èyí tí a kì í fún ẹni yẹpẹrẹ. "Èyí yìí, ti olùtọ́jú àgbá ni."

Òórùn rẹ̀ wọ imú Onésime. Ó ní òun kàn máa tọ́ ọ wò. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ìgbà tí ojú rẹ̀ fi máa là, àwo mẹ́rìnlá ló wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ló ti mọ́ fónífóní.

Màmá Euphrosine, alága ìlú, wá pàtẹ́wọ́. "Onésime, ó yá, gbé ọtí wá, kí o sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́."

Ife onígi ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Ẹ gbọ́ wa o, ẹ gbọ́ àwa ọ̀mọ̀ràn!

"Tọdún yìí mà rọ̀ o!"

"Ọjọ́ orí ni," ni Zacharie wí. "Bí ọtí bá ti dàgbà, ìbínú rẹ̀ á rọlẹ̀."

"Ó ń lọ lọ́fun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀!"

Lóòótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Màmá Euphrosine tún rọ ife náà kún, ó gbé e fún Onésime. "Gbé e mì tán, kí n fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ lọ́rùn."

Ojú Onésime lọ sára àwo mẹ́rìnlá. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kàn fi ẹnu kàn án."

"Kí o fi ẹnu kàn án kẹ̀? Ṣé májèlé lo bù fún wa ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó wo ife, ó wo kọ́kọ́rọ́ tó ń dán lọ́wọ́ Màmá. Ó dijú, ó gbé e mì. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí i lọ́rùn, a pàtẹ́wọ́, ọkùnrin náà sì gbé àyà sókè.

Ni ikùn rẹ̀ bá dún: "Gúrúrú."

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwo mẹ́rìnlá náà ló ń sọ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n Onésime ti rí òkúta. Òógùn bò ó.

"Tíì! Ẹ fún mi ní tíì gbígbóná!"

"Kí lo fẹ́ fi tíì ṣe?" ni Màmá wí. "Ṣebí wáìnì lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu."

"Wáìnì kọ́! Omi ni! Omi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì! Garawa mẹ́wàá ni mo dà sínú ẹ̀! Ẹ gbà mí o, ó ti ń dì!"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ìgbà náà ni àwa ọ̀mọ̀ràn rántí pé àwa náà jẹ, àwa náà mu. Gbogbo ìlú di ikùn mú lẹ́ẹ̀kan náà. Zacharie sọ ọ̀bẹ nù, ó sáré lọ gbé kẹ́tùrù. Ẹnìkan na gbalaja sílẹ̀, ó ń pín màlúù rẹ̀ fún àwọn ọmọ. A mu tíì títí tí ewé fi tán nílé gbogbo.

Wákàtí kan kọjá. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹni tó ń pín màlúù ti sùn, ó ń hanrun.

Onésime yọ orí lábẹ́ tábìlì, ó tẹ ikùn rẹ̀ wò. Ó rọ̀. Ó fò dìde. "Ẹ wò ó! N ò kú! Omi ò ṣe nǹkan kan! Gbogbo yín náà lẹ ní ọtí náà dàgbà!"

A wolẹ̀. Òótọ́ ni.

Màmá Euphrosine na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

"Màmá, ká ní mi ò sọ ọ́ ńkọ́, ta ni ì bá mọ̀?"

"Kò sí. Òmùgọ̀ ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fẹ́ fi òkúta kún inú wa kí o lè gba oyè. Bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ lójú gbogbo ìlú. Màmá fi í lé Sidonie lọ́wọ́. Sidonie bu ife kan, ó mu ún, kò dijú, kò mi orí.

"Omi ni," ló wí.

"Omi mà ni!" ni Zacharie dáhùn kíákíá. "Èmi ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ojú Màmá ni mò ń wò." Ẹnìkejì ní òun náà mọ̀. Ẹnìkẹta ní òun ti fura láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kó tó di pé oòrùn wọ̀, kò sí ẹnìkan ní Praz-Morel tí kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀.