Rìsíìtì Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé, ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi mú òṣìṣẹ́ owó-orí wọ ilé àna mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ayé ìjọba ológun ni. Iléeṣẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi láti Ìbàdàn wá sí Èkó, Bùọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, sì yọ̀ǹda yàrá kan fún wa títí a ó fi rí ilé tiwa. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìyàwó wọn ló tún ń bọ́ wa.

Àfi bí ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ẹni tó máa ń mọ gbogbo nǹkan tán, ṣe sọ fún mi pé ẹni tí iṣẹ́ bá gbé kúrò nílùú lè ní kí wọ́n yọ owó tó fi kó ẹrù, àti owó ilé tó kọ́kọ́ forí pamọ́ sí, kí wọ́n tó bu owó-orí lé e. Ó ní rìsíìtì nìkan ni wọn yóò béèrè. Há, inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Owó-orí tó ń jẹ mí lẹ́ran lóṣooṣù! Mo ti ń fọkàn ra fíríìjì. Rìsíìtì lọ́rì tó kó wa wá wà lọ́wọ́ mi. Ti ilé ló kù.

Ọlọ́gbọ́n ì bá rántí pé òun ò sanwó ilé kankan. Èmi ní tèmi rò ó pé iṣu àti epo tí mo gbé wá láti Ìbàdàn tó owó ilé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí Bùọ̀dá bá mi kọ rìsíìtì.

“Rìsíìtì kí ni?”

“Ti yàrá tí ẹ fún wa, sà.”

Wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n wò mí. “Ṣé ilé mi ti wá di òtẹ́ẹ̀lì ni?”

Ìyàwó mi já mi léèékánná nítan, n kò gbọ́. Mo ṣàlàyé títí, mo ní ìwé lásán ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Níkẹyìn, torí pé ojú àna ń ti àna, wọ́n kọ ọ́. Wọ́n tún lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì wọn mọ́ ọn, kí n lè níyì níwájú ìjọba.

Obìnrin tó gbà mí lálejò ní ọ́fíìsì owó-orí wo rìsíìtì lọ́rì, ó bi mí bóyá iléeṣẹ́ ti dá owó náà padà fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá gbé ti ilé, ó bi mí bóyá ẹni tó ń gba owó ilé yìí náà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Orí mi wú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ni, pé lójoojúmọ́ ni tírélà ń já sìmẹ́ńtì síbẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ó ní ṣé mo lè mú ọ̀gá òun débẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wo yàrá mi kí wọ́n tó fún mi lówó ni, mo bá jókòó síwájú mọ́tò wọn, mo ń júwe ọ̀nà láti Dópẹ̀mú títí dé ẹnu géètì.

“Bùọ̀dá, àlejò yín dé o,” ni mo fi ayọ̀ wí.

Ọ̀gá owó-orí náà kí wọn dáadáa, ó sì béèrè ìwé owó-orí tí wọ́n ti san lórí owó ilé tí wọ́n ń gbà. Òkèlè dúró lọ́wọ́ Bùọ̀dá. Wọ́n ní àwọn ò gba owó lọ́wọ́ mi rí, kí ó bi mí. Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Bí mo bá dúró lórí rìsíìtì mi, mo ti ta àna mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ọ̀fẹ́ ni mò ń gbé, sà.”

Ọkùnrin náà ya rìsíìtì náà sí méjì, ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ ilé ti tán nìyẹn. Ó ku ti ṣọ́ọ̀bù.”

Ẹ má bi mí bó ṣe parí. Bùọ̀dá san owó-orí ṣọ́ọ̀bù náà, a sì kó lọ sí yàrá kan ní Baruwa kí oṣù tó parí. Bùọ̀dá ò bá mi jà. Ohun tí wọ́n ṣe burú ju ìjà lọ: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní “Ẹ káàárọ̀, sà,” bí ẹni ń kí àlejò tí a kò mọ̀ rí. Ìgbà tí a bí ọmọ wa àkọ́kọ́ ni wọ́n tó wọlé wa, tí wọ́n wò mí, tí wọ́n ní, “Ìwọ yìí, o ò gbọ́n.” Ara tù mí! Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọpẹ́ ni a fi ń gba oore, àti pé bí inú bá ń dùn jù, kí ènìyàn pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n n kò lè rín in lójú Bùọ̀dá títí dòní.