Babátọ́pẹ́ Kíláàsì Kìíní

Lọ́dún 1956, ilé-iṣẹ́ kan ní Jos rán Ernest káàkiri kí ó wá ọmọdé kan tí wọn yóò kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Ó ti dé Ponyan, ó ti dé Odò-Ẹrẹ̀, ọwọ́ òfo ló ń bá a bọ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí kò bá mú ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbá ilẹ̀ pápá. Ọ̀sán ọjọ́ ìkẹyìn ti pọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé e padà ti ń kó ẹrù lẹ́bàá ọjà Kabba, nígbà tí ó dúró níwájú Agatha, tí ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ẹ okun o," ni Agatha wí.

"Kò sí okùn lọ́wọ́ mi, ìyá. Bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá."

Agatha wò ó láti orí bàtà funfun títí dé orí fèrè tí ó fi kọ́ ọrùn. "Mò ń kí yín ni, ọ̀gbẹ́ni. Bí a ti ń kíni níbí nìyẹn."

"Mo kúkú mọ̀." Kò mọ̀. Ernest kì í gbà pé ohun kan wà láyé tí òun kò mọ̀. Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò, ìwé tí wọ́n fi típáráítà tẹ̀. "Babátọ́pẹ́ ni mò ń wá."

"Bàbá Tọ́pẹ́ lẹ fẹ́ pè. Àlejò ni yín, ohùn yín ló lọ́."

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn. Ṣé ibí ni ilé rẹ̀?"

"Ibí ni. Ó lọ kọ ebè lóko, kò ní pẹ́ dé. Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló gbé mi wá."

Agatha gbé àtẹ ẹ̀gúsí kalẹ̀. "Òṣì kẹ̀? Ilé tí ẹ ń wá kọ́ nìyí. Iṣu wa kún àká, a sì ní ewúrẹ́ mẹ́rin."

"Òsì ni mo wí, ìyá. Èyí tí kì í ṣe ọ̀tún. Wọ́n ní ó fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ tí wọ́n bá àwọn Aiyetoro-Gbede ṣeré."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni. Ẹ̀kẹrin wọ inú agbada Lucy alákàrà."

Ernest kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́rin. "Ìwé yìí tún ní kíláàsì kìíní ló wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń kọ A dé D. Èyí tó tẹ̀lé D ló ń fa ẹjọ́."

Inú Ernest dùn dé gongo. Kíláàsì kìíní, pẹ̀lú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó la ìwé ńlá kan sọ́wọ́.

"Ẹ kò bi mí ní ọjọ́ orí rẹ̀," ni Agatha wí.

"A kì í bèèrè, ìyá. Nídìí iṣẹ́ tiwa, àwa là ń kọ ọ́."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ iye tí ẹ ó kọ?"

"Iye tí ọ̀gá bá fẹ́ ni. Lọ́dún yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ̀gá fẹ́. Ó tó ọdún mélòó tí ó ti wà lọ́wọ́ yín?"

"Ọdún mọ́kàndínlógún."

"Kò burú. A ó yọ mẹ́ta kúrò."

"Ẹ bá mi yọ ọ́. Ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ rántí." Agatha tún sún mọ́ ọn. "Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe gan-an?"

"A ó tọ́ ọ. Aago márùn-ún ìdájí, a ti jí i. Yóò sáré, yóò mu mílíìkì, yóò jẹ ẹyin. Aago mẹ́jọ alẹ́, ó ti sùn. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹmu."

"Ẹmu?"

"Àbí ó máa ń mu ún?"

"Igbá mẹ́ta, kó tó jókòó ti oúnjẹ alẹ́."

Ernest mi orí. Ilé ayé ti bàjẹ́. "Ẹ kì í nà án ni?"

"Èmi kẹ̀? Àwọn ẹbí rẹ̀ yóò lé mi jáde."

"Ẹ ń kẹ́ ẹ jù, ìyá. Ẹ fún wa lọ́dún mẹ́ta péré, yóò gbọ́n."

"Ọ̀gbẹ́ni, ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ṣùgbọ́n kò ní wálé, àfi ọjọ́ Kérésìmesì."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Agatha. Ó bu ẹ̀gúsí sọ́wọ́, kò bó o. "Ilé á dá páropáro o. Aláriwo ni, ṣùgbọ́n òun ni mo ní."

Ó ṣe Ernest náà láàánú, ṣùgbọ́n ó rántí ìgbálẹ̀. Ó na ìwé àti tàdáwà ìtẹ̀ka sí i. "Ẹ tẹ̀ka síbí, ìyá, níbi tí wọ́n kọ ìyá Babátọ́pẹ́ sí."

"Ìyá Bàbá Tọ́pẹ́ ti kú, ó di ọdún mẹ́fà. Èmi ni mo se oúnjẹ òkú."

"Ta wá ni ẹ̀yin?"

"Ìyàwó rẹ̀."

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Ernest. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á. "Ìyàwó ọmọ kíláàsì kìíní?"

"Kíláàsì àgbà ni, tí ìjọba ń ṣe nírọ̀lẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀wé. Yaki da Jahilci ni wọ́n ń pè é."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọkọ yín?"

"Mo rò pé ẹ kì í bèèrè."

"Ẹ dákun."

"Méjìlélógójì. Tọ́pẹ́ àkọ́bí wa, tí ó wà nínú ilé yìí, ti pé méjìdínlógún."

Ernest tún ìwé típáráítà náà wò. BABATOPE. Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. "Babátọ́pẹ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bàbá Tọ́pẹ́."

"Ohùn yín ti tọ́ wàyí."

Lọ́nà ọjà, ọkọ̀ akẹ́rù fun fèrè. Ernest wo ìgbálẹ̀ Agatha tí ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìgbálẹ̀ náà ń wo òun náà. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì rò fún Agatha bí ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀gá òun ti rí.

"Ìyá, ṣé ó lè fá irùngbọ̀n?"

"Ó lè fá a. Orí rẹ̀ ti fá ara rẹ̀ ní tirẹ̀."

"A ó dé e ní fìlà. Ẹ ṣàánú mi."

Agatha ro ọ̀rọ̀ náà. "Oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ọdún mẹ́ta. Kó padà dé kí iṣu tuntun tó jáde. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹmu."

"Bí ẹ bá ní omi nìkan ni kó máa mu, mo fara mọ́ ọn." Ernest kọ mẹ́rìndínlógún gàdàgbà sínú ìwé, ó sì ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ tún rẹ̀wẹ̀sì. "Ìbọwọ́lùwé ńkọ́? Ọmọdé ni báyìí. Ẹni tí ó bá jù ú lọ nínú ilé ni kí ó gbà fún un. Ẹ̀yin kò sì lè ṣe é, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ní ìyàwó."

"Kí ló wá le níbẹ̀?" Agatha kọjú sí inú ilé. "Tọ́pẹ́, jáde wá. Wá bọwọ́ lùwé fún àbúrò rẹ."