Bí Ajíbóyè Ọmọ Láwóyìn Ṣe Ṣẹ́gun Ọmọ Onílé Nínú Agogo Ńlá

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ṣí fìlà. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tún gèlè wé, nítorí akọni ni mo fẹ́ kí. Mo kí Ajíbóyè, ọmọ Láwóyìn atún-kẹ̀kẹ́-ṣe ará Ìkìrun, ọmọ ọkùnrin tó máa ń wá ihò táyà rí nínú omi bí àwọn amí ṣe wá ilẹ̀ Kénáánì rí, ọmọ-ọmọ Ọ̀jẹ́dòkun tó fi ọgbọ̀n ọdún pọ́n ọ̀bẹ fún àwọn apẹran tí kò sì pàdánù ju ìka kan lọ, kékeré sì ni. Ìran tí kì í sá fún irin! Ọkùnrin gíga, tín-ín-rín bí ọwọ́ agogo, tó jẹ́ pé bí ó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, òpó ni a ó kọ́kọ́ kí.

Ajíbóyè ni ọkọ Fadérera, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí olóògbé Ọlátéjú bí, Ọlátéjú tó dá ilé ìtajà wúrà àti agogo sílẹ̀ ní Iléṣà, níbi tí a ti ń ra òrùka ìgbéyàwó àti yẹtí, tí a sì ń gbé agogo ọwọ́ tó bá kú wá kí ó lè jíǹde. Ọdún mọ́kànlá ni Ajíbóyè ti ń jí òkú agogo dìde níbẹ̀. Ẹyọ kan péré ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: agogo ńlá ara ògiri, tí olóògbé gbé kọ́ lọ́jọ́ tó ṣílẹ̀kùn, tó sì fi ọ̀dà kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ọmọ onílé nìkan ni kí ó ṣí i.” Àna sì ni Ajíbóyè. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún ju egbò lọ, ṣùgbọ́n kò wí fún ẹnikẹ́ni, àfi Ọlọ́run, àti Fadérera, àti ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ àádọ́ta ọdún ilé ìtajà náà wá pé. Òfin ilé náà ni pé ilẹ̀kùn kì í ṣí títí agogo ńlá yóò fi lu mẹ́wàá, nítorí náà gbogbo wa dúró nínú yàrá ìtajà, pẹ̀lú Àlùfáà Ìjọ wa nínú aṣọ funfun, ẹni tó ní ìgbéyàwó láti so ní agogo mọ́kànlá; àwọn oníbàárà sì kún ìta fọ́fọ́, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje kí mẹ́wàá lù, agogo ńlá han lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Obìnrin kan kígbe láti ìta pé, “Háà! Ilé alágogo, agogo kú! Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń tún tiwa ṣe?”

Ìtìjú bo ilé. Màmá Ọlátéjú, opó olóògbé, yíjú sí àkọ́bí rẹ̀, Akínlabí lọ́yà. “Akínlabí, ìwọ ni àrẹ̀mọ. Ṣí i.”

Akínlabí ká agbádá sí èjìká, ó ṣí gíláàsì, ó wo inú. Ojú méjì wo òun náà. Ó fò sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

“Yéè! Màmá, ọmọ onílé wà nínú ẹ̀ o!”

“Ọmọ onílé wo? Mẹ́ta ni mo bí. Ìwọ rèé, Adébísí rèé, Fadérera rèé. Ta ló wá kù tó wà nínú agogo?”

“Èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ni, Màmá!”

Ajíbóyè húkọ́ sínú ọwọ́, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Ohun tí Bàbá kọ síbẹ̀ ló kà. Ó pa òfin mọ́ jù wá lọ.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Màmá. “Akínlabí, mú un jáde.”

“Màmá, ẹjọ́ ni mo kọ́. N kò kọ́ ẹranko.”

Àlùfáà wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Màmá mí kanlẹ̀. “Ajíbóyè, ó yá, ṣí i. Bí Bàbá Akínlabí bá bínú, èmi ni n ó dá a lóhùn nígbà tí mo bá dé ọ̀hún.”

Áà! Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké! Ajíbóyè ká apá aṣọ, ó mú ẹ̀mú kékeré tó fi ń gbé òkúta sórí òrùka, bí Dáfídì ṣe mú kànnàkànnà, ó sì dojú kọ òmìrán náà, òmìrán tó gùn tó ìka méjì, olójú bí ìlẹ̀kẹ̀, akẹ́gàn òkè àjà, ẹ̀dá tí àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ ti jẹ́rìí pé ààfin ọba kò ṣòro fún un láti wọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Òmìrán fò sí i láyà, ó bọ́ sílẹ̀, ó forí lé abẹ́ àpótí onígíláàsì. Akọni fò tẹ̀lé e bí àṣá, ó sì nà gbalaja níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀.

Màmá rò pé ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ni. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí: “Dìde, ọkọ ọmọ mi. Wàá fọwọ́ pa ewú, wàá fi ẹ̀rìgì jobì.”

“Àmín!” ni Àlùfáà wí.

“Àmín!” ni gbogbo wa wí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

“Àmín, Màmá,” ni Ajíbóyè wí láti ilẹ̀, “ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì.”

Màmá gbé ẹsẹ̀. Ọ̀tá sá gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ kù lọ́wọ́ Ajíbóyè, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Dáfídì gba orí. Ọmọ Láwóyìn gba ìrù. Ogun ni ogun ń jẹ́. Ó dìde, ó ti irin tó máa ń fì nínú agogo, irin náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Lójú agogo ọwọ́ Àlùfáà, mẹ́wàá ti kọjá ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ṣùgbọ́n Ajíbóyè ti ọwọ́ agogo ńlá dé orí mẹ́wàá gan-an, Àlùfáà sì rọra fa ọwọ́ agogo tirẹ̀ sẹ́yìn. Jóṣúà dá oòrùn dúró. Èyí dá ẹni tí yóò so ìgbéyàwó dúró!

Agogo lù. A kà á pọ̀, ó pé mẹ́wàá. Ilẹ̀kùn ṣí, orin ọpẹ́ gba òpópónà.

Màmá na kọ́kọ́rọ́ agogo ńlá sí i, ó gbé ohùn sókè: “Ẹ gbọ́ o! Láti òní lọ, Ajíbóyè kì í ṣe àna mọ́. Ọmọ onílé ni!”

“Ọmọ onílé! Ẹ jẹ́ kó gun ògiri ká wò ó!” ni àwọn oníbàárà ń pariwo, gíláàsì sì ń mì fún ẹ̀rín. Kò kà á sí. Ó ti dọ̀bálẹ̀, lótìítọ́ lọ́tẹ̀ yìí, omijé sì wà lójú rẹ̀.

Nítorí náà mo kéde rẹ̀ láti Iléṣà dé Ìkìrun, fún ẹni tó ní agogo àti ẹni tó ń wo oòrùn: kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ ọmọ Láwóyìn. Kí ọmọ onílé kejì, èyí tí kò nírù, gbọ́ níbikíbi tó bá lẹ̀ mọ́, kí ó sì wárìrì.