Urho, Olùgbàlà Iná

Bí ìgbéraga bá ń mú ilé móoru ni, ilé Urho Pöntinen nìkan ni gbogbo Finland ì bá ti máa yáná.

Òun ni alága abúlé wa. Ó lè sọ̀rọ̀ títí kọfí á fi dì nínú ife.

Lọ́dún tí iná mànàmáná wọ́n gógó káàkiri ayé, Urho ríṣẹ́ ṣe. Ó ń wọ ilé onílé kiri. "Ẹ pa iná! Ẹ wọ ẹ̀wù méjì! Ayé ń parẹ́ lọ!"

A bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: Urho Olùgbàlà Iná, Òkùnkùn-ò-bà-á-lẹ́rù, ẹkùn tí ń fi àbẹ́là ka ìwé ìròyìn! Inú rẹ̀ ń dùn. Kò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ là ń fi òun ṣe.

Nígbà tó yá, ó ní ká ti sáúná abúlé pa, ilé ooru tí a ti ń làágùn tí a sì ń wẹ̀.

Ẹni tó ní sáúná nílé lè fọwọ́ lẹ́rán. Màmá Lempi ò ní. Opó ni, yàrá kan ló ń gbé, ìbàdí sì ń dùn ún. Ilé ooru abúlé yẹn nìkan ni egungun rẹ̀ ti ń rí ìsinmi. Bí a bá tì í, kí ni yóò ṣe?

A pé sí gbọ̀ngàn láti dìbò. Urho pẹ́ kó tó dé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òtútù ló lu òun lọ́nà.

"Ẹ̀yin ará, ní ti ìmójútó ohun àmúṣọrọ̀ àgbáyé fún àlòpẹ́ ìran tí ń bọ̀..."

Mo bi Aarne, igbákejì rẹ̀, tó jókòó tì mí: "Kí ló wí?"

"Ó ní ká má wẹ̀ mọ́."

Urho fọwọ́ sáyà. "Èmi fúnra mi, látìgbà tí yìnyín ti ń bọ́, n kò wọ sáúná. Omi tútù ni mo fi ń wẹ̀. Akọni kì í gbọ̀n!"

Ó wá yíjú sí ògiri, kó lè fi àwòrán ayé hàn wá. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ewé igi koivu kan lẹ̀ típẹ́ mọ́ ìpàkọ́ Urho, ó tutù yọ̀yọ̀.

Kò sí igi koivu tó ń léwé nígbà yìnyín. Ìdì ewé tí a ká pamọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a fi ń na ara wa nínú sáúná, ibẹ̀ nìkan ló ti lè wá.

Màmá Lempi fi ọ̀pá rìn dé iwájú. Ó ṣí ewé náà kúrò, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Urho ọmọ mi, ìgbà wo lo di igi?"

"Ẹ̀... ewébẹ̀ ni, Màmá. Mo jẹun kí n tó jáde."

"Ìpàkọ́ lo fi ń jẹun?"

Sylvi, ìyàwó rẹ̀, kígbe látẹ̀yìn: "Mo ṣáà sọ fún un kó nu ọrùn! Ojoojúmọ́ ló ń kánjú jáde nínú sáúná ilé wa!"

Ojoojúmọ́! Ẹ̀rín pa wá. Aarne da kọfí sítan.

"Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ a di ọṣẹ," ni Màmá Lempi wí. "Tìrẹ pẹ́ nípàkọ́, ó di ẹlẹ́rìí."

Aarne nu itan, ó dìde. "Ó yá, ta ló ní ká ti sáúná pa? Ẹ nawọ́ sókè!"

Ẹnikẹ́ni ò nawọ́. Urho pàápàá ò lè na tirẹ̀. Méjèèjì ló fi bo ìpàkọ́.