Ọ̀tún Ta Ni? Ìtàn Kápítéènì Ẹ̀bá Odò Agbóyì

Ẹ dúró ná! Ibi yòówù kí ẹ máa lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí lẹ́nu mi, torí àwọn ará jẹ́tì ti ń fi iyọ̀ sí i.

Èmi ni Kápítéènì Gbénró. Ọmọ a-fi-dátà-wọ́dò. Akin tí í tukọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gbóǹtarìgì tó mọ gbogbo òkun àgbáyé, tí kò mọ̀wẹ̀. Èmi ni mo fún ara mi ní oríkì yìí, àfi ìlà tó kẹ́yìn. Ìyá mi ló fi ìyẹn kún un.

Yàrá mi ní Ìkòsí ni mo ti kọ́ṣẹ́. Áàpù kan wà lórí fóònù mi tó ń fi ọkọ̀ òkun hàn bí èèrà tó bo ṣúgà. Ẹ̀yin èèyàn, ó dùn! Bí ọkọ̀ méjì bá forí gbárí níbikíbi láyé, kí kápítéènì wọn tó mẹ́nu kúrò ní "Yéè", mo ti dá a lẹ́bi. Mo mòfin! Bí ọkọ̀ méjì bá ń bọ̀ wá kojú ara wọn, kí kálukú yà sí ọ̀tún. Wọ́n á kọjá lára wọn bí àna tó ń bínú síra.

Ni mo bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ní jẹ́tì Agbóyì, níbí ní Kẹ́tù, ń wá ọ̀gá ààbò, torí ọkọ̀ wọn méjì kọlu ara wọn lóṣù tó kọjá. Kí n tó kọ lẹ́tà ni mo ti rán aṣọ: funfun báláú, ìlà wúrà mẹ́rin léjìká. Télọ̀ ní, "Uncle, ṣé ẹ̀yin lẹ ń lu báǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ni?"

Mo wọ̀ ọ́ dé jẹ́tì. Ọ̀gá Mọ́nsúrù, alága wọn, ń jẹ̀pà. Ó wò mí títí.

"Ọmọ mi, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Daddy. Èmi gan-an ni mo wá gbà yín lọ́wọ́ ikú."

Mo ṣàlàyé òfin ọ̀tún. Táyé, tó ti tukọ̀ lórí omi yẹn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yọ fìlà.

"Kápítéènì, àwa kì í pe ọ̀tún lórí omi. Ìhà ilé la mọ̀, àti ìhà igbó. Ilé ò lè yíjú, igbó ò lè yíjú. Ọ̀tún ta ni tiyín?"

Mo rẹ́rìn-ín ẹni tó ti kàwé. "Brother Táyé, jákèjádò ayé, ọ̀tún ni ọ̀tún!"

Ọ̀gá Mọ́nsúrù gbọn èèpo ẹ̀pà nù. "Kò burú. Wọ ọkọ̀ Táyé. Cecilia, atukọ̀ wa kan, ń tukọ̀ bọ̀ láti ìlú Agbóyì lódìkejì. Màá pè é lórí fóònù, á tẹ̀lé òfin rẹ. Bí ẹ bá kọjá láìfarakanra, iṣẹ́ di tìẹ. Bí ẹ bá farakanra, aṣọ yẹn di tẹgbẹ́."

Táyé na láìfù jákẹ́ẹ̀tì sí mi. Mo kọ̀ ọ́. Ó máa bo ìlà wúrà mi! Ọ̀gá ààbò rèé o.

Èrò pé sétí omi, fóònù gòkè. Kí ojú mi lè hàn nínú fídíò, mo dúró níwájú ọkọ̀, mo kọjú sí jẹ́tì, mo kẹ̀yìn síbi tí à ń lọ.

"Kápítéènì, Aunty Cecilia ti yọ o!"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi gbọọrọ. "Ya sí ọ̀tún!"

"Ọ̀tún yín àbí tèmi?"

"Tèmi! Ta ni kápítéènì níbí?"

Táyé yà síbi tí mo nàka sí. Òsì rẹ̀ nìyẹn. Cecilia, tó ń pa òfin mi mọ́ bí ọmọ Sunday School, ti yà síbẹ̀ kan náà.

"Ta ló fi wòlíì síwájú ọkọ̀?" ni mo gbọ́ tí Cecilia ké lẹ́yìn mi. "Wòlíì, ẹ yẹra!"

Gbàà! Ọkọ̀ méjèèjì ò fọ́. Èmi nìkan ni mo fò, mo sì fìdí kanlẹ̀ sínú agbọ̀n akàn tí Cecilia ń gbé lọ sí Mile 12. Akàn ààyè! Ẹran tí kì í bìkítà fún ọ̀tún tàbí òsì, ẹ̀gbẹ́ ló ń rìn.

"Ẹ má tẹ akàn mi pa o!" ni Cecilia ń pariwo.

Orúkọ mi ni Gbénró, èèyàn mẹ́ta ló gbé mi ró. Ọ̀kan nínú àwọn akàn náà tẹ̀ lé mi dìde.

"Ibo ló ti dì yín mú, Kápítéènì?" Táyé bèèrè.

Mo ké, "Ìdí ọ̀tún! Ọ̀tún!"

Gbogbo jẹ́tì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọ̀tún ta ni?"

Ìró Cecilia ni mo ró dé Ìkòsí. Táyé ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ààbò. Ṣé ẹ rò pé irọ́ ni? Ẹ lọ sí jẹ́tì Agbóyì. Wọ́n ti fi aṣọ mi kọ́ ọ̀pá létí omi kí atukọ̀ lè mọ ìhà ilé lókèèrè, ìlà wúrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń dán, ihò akàn sì wà ní ṣòkòtò. Ẹ lọ fojú ara yín rí i. Ẹ ṣáà má bi wọ́n bóyá ọwọ́ ọ̀tún ló wà.