Ọ̀dà Eyín Dúpẹ́ àti Eruku Ọ̀nà Àjílété

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí wọ́n pè mí ní gbọ́mọgbọ́mọ lójú ọ̀nà Ìlaròó sí Àjílété, nítorí pé mò ń tọ́jú eyín ọmọ tí mo bí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi eyín. Kòkòrò ti jẹ ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá tó wà lẹ́yìn ẹnu àkọ́bí mi, ó jẹ ẹ́ débi pé yíyọ ni wọ́n yọ ọ́. Kí wọ́n tó yọ ọ́, èmi àti ìyá rẹ̀ kò fojú kan oorun nítorí ẹkún rẹ̀. Nígbà tí irú eyín yẹn wá hù lẹ́nu àbúrò rẹ̀, Dúpẹ́, ọmọ ọdún méje, mo ní n kò tún ní í rí irú ẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ fún wa nílé ìtọ́jú eyín kan n'Ílaròó pé ohun kan wà tí wọ́n ń kùn sórí eyín bẹ́ẹ̀ kí kòkòrò tó débẹ̀. Àwọn kòtò wẹ́wẹ́ orí eyín, níbi tí oúnjẹ máa ń há sí, ni wọ́n ń fi dí. Káfíńtà ni mí, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé dídí kòtò fún mi. Mo ní ká lọ.

Ìgbà tí wọ́n ti bodè pa ni, ọyẹ́ sì mú gan-an. Ìjọba kò jẹ́ kí epo dé àdúgbò wa tó sún mọ́ bodè mọ́, n kò rí èyí tí mo lè rọ sínú ọ̀kadà mi, takisí la wọ̀. Nọ́ọ̀sì fọ eyín ọmọ náà, ó jẹ́ kó gbẹ, ó kun nǹkan funfun kan sí i, ó sì tan iná búlúù kékeré kan sí i lórí. Dúpẹ́ kò sunkún rárá. Nọ́ọ̀sì ní ó ti parí, ó ti gbẹ, ká máa lọ.

Ó ti gbẹ kẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti ń kun fánísì sára àga, n kò tíì rí èyí tó gbẹ kí n tó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò lára rẹ̀. Tí eruku ọyẹ́ bá sì bà lé fánísì tútù, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Bí a ṣe jáde, mo fa ọmọ mi sí kọ̀rọ̀, mo ní kó pa ẹnu dé, kó má sọ̀rọ̀, kó má fi ahọ́n kan eyín, kó má gbé itọ́ mì, títí a ó fi délé. Mo ní tó bá lanu, oògùn náà á bàjẹ́, wọn á sì yọ eyín rẹ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ náà pa ẹnu dé. Ká ní bí wọ́n ṣe ti bodè pa nìyẹn, hóró ìrẹsì kan kì bá tí wọlé.

Màmá kan tó ń padà sí ìlú Tube jókòó tì wá nínú ọkọ̀. Ó béèrè orúkọ Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ dákẹ́. Ó fún un ní ẹ̀pà, Dúpẹ́ mirí. Nígbà yẹn itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, omi sì ti ń gba ojú rẹ̀. Màmá yíjú sí mi, ó ní kí ni mo fún ọmọ yìí jẹ. Ọmọ tèmi. Mo ní kó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn án. Láti ìgbà náà, kò gbójú kúrò lára mi mọ́.

Bí a ṣe dé ibi tí àwọn aláṣọ ìjọba ti ń yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n tó ṣí bùùtù láti wá ìrẹsì, màmá ti nawọ́ sí mi.

"Ẹ bá mi bi ọ̀gbẹ́ni yìí ibi tó ti rí ọmọ yìí."

Wọ́n ní ká sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Dúpẹ́, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé ta ni mo jẹ́ sí i. Dúpẹ́ wò mí. Mo rí i pé ó fẹ́ lanu, eruku sì ń fẹ́ lójú ọ̀nà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi.

"Dúpẹ́, o ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ o."

Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí mo sọ lójú ẹni tó ń wá ọ̀daràn. Màmá káwọ́ lérí. Ẹnì kan ti di bẹ́líìtì mi mú lẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fánísì, ọyẹ́ àti kòtò orí eyín. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ọ̀rọ̀ náà ń jọ irọ́ tó. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ò pọ̀, kí n jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bàbá òun ni mí, ká sì máa lọ. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní wọ́n lè tì mí mọ́lé, eyín ọmọ mi kò ní bàjẹ́ nítorí ẹnikẹ́ni.

Ọyẹ́ ló dá ẹjọ́ náà. Eruku wọ Dúpẹ́ nímú, ó sín, gbogbo itọ́ tó ti ń kó jọ láti Ìlaròó sì tú sí ọ̀gá láyà. Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá mi, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ lanu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín mi."

Ẹni tó di bẹ́líìtì mi mú jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Gbogbo ọ̀nà tí a ti rìn yẹn, mo rò pé ìgbọràn ni mò ń rí, àṣé ẹ̀rù ló ń ba ọmọ mi.

Ọ̀gá nu àyà rẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní kó ya ẹnu. Nǹkan funfun náà wà níbẹ̀ digbí. Ó ní kó fahọ́n kàn án wò, Dúpẹ́ ní ó le gbagidi. Ni gbogbo wọn bá ń tò wá wo ẹnu ọmọ mi, dẹ́rẹ́bà náà wò ó, màmá Tube náà wò ó, ó tún ń bi mí ní ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín náà nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣọ ìjọba tiẹ̀ bi mí bóyá Kùtọnu ni wọ́n ti kó oògùn náà wọlé. Mo fa Dúpẹ́ wọnú ọkọ̀, nítorí ká ní mo dáhùn ni, ibẹ̀ ni ǹ bá sùn.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tó mọ fánísì kò mọ eyín, àti pé nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ní ó ti gbẹ, ó ti gbẹ náà nìyẹn. Kòkòrò kò tíì jẹ eyín Dúpẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé láti ṣọ́ọ̀bù, tí mo bi í pé ta ló fọ́ ife mi, á pa ẹnu dé, á fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì na ìka sí eyín ẹ̀yìn. Ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ rín, kí n tó rántí pé inú ń bí mi.