Oyin Tí Mo Lá Lára Igi Ọ̀dán

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé, ìyẹn ọjọ́ tí bíríkìlà wó ògiri ẹ̀yìn ilé ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní Idasen. Ilé amọ̀ ni, ó ti lanu káàkiri, bàbá mi sì fẹ́ kọ́ tuntun sórí ilẹ̀ kan náà. Inú ihò kan lára ògiri yẹn ni mo ti rí igi ọ̀dán kékeré kan tó hù fúnra rẹ̀. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà méjìlélógún. Mo wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí rúlà kì í wọ́n nínú báàgì mi. Ìdí rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò, gbòǹgbò rẹ̀ sì di ìṣù amọ̀ kan mú bí ọwọ́ arúgbó ṣe ń di ọ̀pá mú. Bíríkìlà na ọwọ́ láti fà á sọnù. Mo kígbe. Ó rò pé ejò ni mo rí, ó sá.

Ó ti tó oṣù mẹ́fà nígbà náà tí mo ti ń wo àwọn ará Japan lórí fóònù, àwọn tí ń gbin igi ńlá sínú àwo pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń fi wáyà tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi dà bí igi ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò ga ju ìgò omi lọ. Bónsáì ni wọ́n ń pè é. Wíwò lásán ni mo ń wò tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo rí ọ̀dán inú ògiri yìí ni ó wọ̀ mí lára.

Bàbá mi, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbin kòkó, dúró ń wò mí bí mo ṣe ń gbé igi náà sínú abọ́ tòun ti ìṣù amọ̀ rẹ̀.

“Ọ̀dán tí gbogbo àdúgbò ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni o fẹ́ gbìn sínú abọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ta ni yóò wá jókòó sábẹ́ rẹ̀? Èèrà?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú sí ògiri tó ti wó tán, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní nínú gbogbo ohun tó wà nílé ìyá òun, igi yẹn nìkan ló kù tó ń mí. “Tọ́jú rẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ ìṣílé, orí pèpéle iwájú ilé ni mo fẹ́ kó wà nígbà tí àlùfáà bá ń gbàdúrà.” Mo ṣèlérí.

Ó yẹ kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo wà, níbí ní Ọ̀wọ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mò ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Fún oṣù méje, igi náà ń ṣe dáadáa. Mo ra ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: omi tó mu, ewé tó ní. Ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ní oṣù kẹjọ, èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í gun igi náà lọ, wọ́n ń sọ̀ padà. Mo kà wọ́n: mọ́kànlélọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo rò ó pé èèrà kì í lọ síbi tí kò bá sí adùn. Mo fọwọ́ kan ewé, ó ń lẹ̀. Mo lá ìka mi. Ó dùn. Mo tún lá ewé kejì, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í tó.

Mo pe ọkọ mi. “Bàbá Ṣadé, ẹ wá tọ́ ọ wò.”

Ó lá a. “Ó dùn díẹ̀,” ó ní, “bí oyin tí wọ́n bu omi là.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan funfun bí òwú yọ ní gbogbo ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Oyin rèé, òwú funfun rèé: kí ni yóò jẹ́ bí kì í ṣe òdòdó? Mo ya fọ́tò, mo fi sórí Wasáàpù ìdílé wa: “Ọ̀dán Màmá ti yọ òdòdó, ó sì ń ṣe oyin.” Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, fi ohùn ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: “Bu díẹ̀ pamọ́ fún mi o, ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu.”

Bàbá kò ní Wasáàpù, ṣùgbọ́n ó ní Àǹtí. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú igi náà, ó yí ewé kan padà, kò lo awò, kò lo gíláàsì.

“Ta ló sọ fún ọ pé òdòdó ni?”

“Èmi fúnra mi ni, Bàbá.”

Ó ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó fi ti òwú kan báyìí. Òwú náà yọ ẹsẹ̀, ó sì rọra ń bá tirẹ̀ lọ.

“Ṣé òdòdó a máa rìn?” Ó gbé orí sókè wò mí. “Kòkòrò yìí ló ń bá wa fínra lóko kòkó. Ara igi ló ti ń fa omi mu. Èyí tó bá pọ̀ jù fún un, á yà á jáde. Ìyẹn ni èèrà ń wá lá.”

“Á yà á jáde bí kí ni, Bàbá?”

“Bí ìgbẹ́.”

Ọkọ mi, tó fara ti ilẹ̀kùn, yípo, ó sì gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ. A gbọ́ bó ṣe ń yọ ẹnu.

Bàbá ní kí n máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n má kánjú. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀ràn ni mí, mo lọ kàwé lórí fóònù. Wọ́n ní kí a po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn, tí kò ní àbùlà. Ọṣẹ wo ni kò ní àbùlà bí ọṣẹ dúdú? Ṣíbí kékeré kan sí lítà omi kan ni wọ́n wí. Mo bu èyí tó tó ẹyin adìẹ, kí iṣẹ́ náà lè yá. Mo fi kun gbogbo ewé, tẹ̀yìn-tojú, mo sì gbé e sínú oòrùn ọ̀sán kí ó lè gbẹ. Mo gbàgbé pé eérú wà nínú ọṣẹ dúdú, àti pé ewé kò ní awọ bíi tèmi.

Ní ọjọ́ kejì, ewé mẹ́jọ já. Ní ọjọ́ kẹta, mọ́kàndínlógún. Ní ọjọ́ kẹrin, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ku mẹ́ta lórí igi. Ìṣílé ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

“Ìyá Ṣadé,” ọkọ mi ní, “ọ̀dán kékeré pọ̀ lára ògiri àtijọ́ nílùú yìí. Jẹ́ ká lọ tu òmíràn.”

Mo rò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò ní parọ́, mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n ibo ni mo ti fẹ́ rí èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ di amọ̀ ilé Màmá mú?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé igi eléwé mẹ́ta lé itan nínú ọkọ̀ dé Idasen lọ́jọ́ ìṣílé. Àǹtí ló kọ́kọ́ pàdé mi.

“Oyin mi dà?” Ó wo orí itan mi. “Igi ìdáná wo lo gbé wá yìí?”

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó fi èékánná ha èèpo igi náà díẹ̀, níbi kan ṣoṣo. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, oje funfun sì sun jáde.

“Ó ṣì ń mí,” ó ní. “Kí lo fi ṣe é?”

“Ọṣẹ dúdú ni mo fi wẹ̀ ẹ́, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. “Ọṣẹ dúdú ni ìyá mi fi wẹ gbogbo wa níhìn-ín. Awọ wa bó, ojú ta wá, a ò kú.” Ó gba igi náà, ó gbé e sórí pèpéle. Àlùfáà wo igi náà, ó wò wá, ó sì gbàdúrà fún un pẹ̀lú ilé.

Ibẹ̀ ni igi náà wà títí di òní. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ pẹ̀lú awò ọwọ́ kékeré kan, sípírítì, àti igi òwú tí a fi ń nu etí. Abẹ́ ewé àti oríkèé ẹ̀ka ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí mo bá rí òwú, mo fi sípírítì kàn án lórí, òun nìkan, n kò kan ewé. A gbé àwo igi náà lé òkúta nínú ọpọ́n omi, èèrà kò rọ́nà gùn ún mọ́. Mo tún ti kà á pé àwọn àgbà inú iṣẹ́ bónsáì a máa mọ̀ọ́mọ̀ já ewé igi wọn kí tuntun lè kéré sí i. Ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n ṣe ni mo fi ọṣẹ ṣe.

Ẹ̀kọ́ mi kò ju èyí lọ: bí ẹ bá bá ohun dídùn lórí ewé, ẹ béèrè ẹni tó ṣe é kí ẹ tó lá a. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò tíì rí ibi tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ Sátidé tó kọjá: ewé, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Èyí tó gùn jù, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Méje ni tẹ́lẹ̀. Èèrà, kò sí. Kòkòrò, méjì, Bàbá sì ti rí méjèèjì kí n tó yọ awò mi jáde.